Fítámìnì D, Kálísíọ̀mù, àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Dókítà

Láti ìgbà tí ewé igi ti ń já bọ́ ní Bowie àti Lanham ni ìbéèrè kan náà ti ń dé ọ̀dọ̀ mi: "Ìyá, ṣé kí n ra fítámìnì D?" Àwọn mìíràn ti rà á ná kí wọ́n tó béèrè. Mo ń rí ìgò rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti ata gígún. Hóró kan nínú ìgò ẹlòmíràn jẹ́ 1,000 yúnítì, ti ẹlòmíràn jẹ́ 5,000. Ẹni tó ń lo èyí tó jẹ́ 5,000 sọ fún mi pé owó méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ni òun bá mú èyí tó pọ̀ jù.

Kí n tó dáhùn, mo ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà léèrè. Wọn kò wọ́n ní Prince George's County. Láti Hyattsville dé Upper Marlboro, ó ṣòro kí ẹ rí ilé Yorùbá kan tí kò ní ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ọ̀rẹ́ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Mẹ́rin nínú wọn wà níbi ìkómọjáde kan tí a ṣe lóṣù tó kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ń lọ, n kò sì ní dárúkọ ọ̀kankan. Ẹ má pè é ní ìwádìí o, ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ lásán ni.

Mo bi wọ́n pé kí ni fítámìnì D ń ṣe lára. Ẹnu wọn dá ṣáká. Wọ́n ní ìtànṣán oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe é, pé ẹ̀dọ̀ yóò gbà á, yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, kíndìnrín yóò sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kó tó di ohun tí ìfun ń lò láti fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àgbàlagbà nílò 600 yúnítì lójúmọ́ títí tó fi máa pé 70 ọdún, pé lẹ́yìn ìyẹn ó di 800. Bí ìgbìmọ̀ Institute of Medicine ṣe fi lélẹ̀ ní 2010 nìyẹn. Inú mi dùn sí wọn.

Mo wá ní, "Kálísíọ̀mù ńkọ́? Èló lẹ jẹ lánàá?"

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní òun mọ̀ pé 1,000 mílígíráàmù ni ti ọjọ́ kan fún irú wọn, àmọ́ òun ò mọ iye tí òun ń jẹ. Mo ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ fún mi nínú àwo tó wà níwájú wọn. Ìrẹsì wà níbẹ̀, iyán, ẹ̀fọ́ rírò, mọ́ínmọ́ín, ẹran màlúù. Ọmọbìnrin kan dáhùn pé, "Màmá, inú mílíìkì ló wà, kò sì sí mílíìkì níbí." Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ń mu mílíìkì. Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá mà. Inú mi kì í gbà á."

Kọfí ni wọ́n fi ń jí, ìndómì ni wọ́n fi ń sùn. Ọmọkùnrin tó wà láàárín wọn ní òun ń wọ ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ń jáde nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, pé nínú oṣù Kejìlá, ojú fèrèsé ni òun ti ń rí oòrùn. Gíláàsì fèrèsé kì í sì í jẹ́ kí ìtànṣán tó ń ṣe fítámìnì D kọjá. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé ti kọ́ ọ. Mẹ́ta nínú wọn ń jẹ fítámìnì aládùn tí wọ́n ṣe bíi súwíìtì. Ọ̀kan ní tirẹ̀ nínú báàgì, mo gbà á, mo ka ara ìgò rẹ̀ sókè: fítámìnì D wà níbẹ̀, kálísíọ̀mù kò sí.

Àwọn ọmọ wa nìkan kọ́ ló rí báyìí. Ní Saudi Arabia àti ní Íńdíà, níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé fítámìnì D kéré lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gan-an. Ìmọ̀ wà lórí, ara ò rí i lò. Ní ti oúnjẹ, àsìkò tí wọ́n fi ń kọ́ wọn kéré. Ní 1985, National Academy of Sciences dámọ̀ràn pé ó kéré tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gba ẹ̀kọ́ wákàtí 25 nípa oúnjẹ jíjẹ. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, wákàtí 19.6 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rí gbà ní ìdíwọ̀n, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó dé 25 kò sì ju 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wákàtí 19 láàárín ọdún mẹ́rin! Ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé àwọn ọmọ yìí ló máa tọ́jú wa lọ́la, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ́ wọn nípa egungun aláwọ̀ dúdú. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ku apá kan.

Apá tí wọ́n kọ́ wọn nìyí. Ní New York ní ọdún 1917, dókítà kan tó ń jẹ́ Alfred Hess lọ sí àdúgbò Columbus Hill, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ń gbé, tí àrùn rickets, èyí tó máa ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ tẹ̀ bí ọrun, ti gba àdúgbò kan. Ó fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, ó sì bọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1922, ní Baltimore tí a ń wakọ̀ dé ní wákàtí kan, Elmer McCollum ti Johns Hopkins fi hàn pé ohun tó ń wo rickets nínú òróró náà kì í ṣe fítámìnì A. Ó ti ní A, B àti C tẹ́lẹ̀, ló bá pe èyí ní D. Láti bí ọdún 1930 sí 1940 ni wọ́n ti ń fi fítámìnì D sínú mílíìkì ní Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí tọ̀nà fún ibi tí a wà yìí. Àwọ̀ dúdú wa ń dá oòrùn dúró, a máa ń pẹ́ níta ju aláwọ̀ funfun lọ kí ara wa tó ṣe iye kan náà. Ìwádìí kan ní 1988 rí i pé láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, oòrùn Boston kò lè mú kí awọ ara ṣe fítámìnì D. Maryland wà ní ìsàlẹ̀ Boston, tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ oòrùn oṣù Kejìlá tiwa náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

Apá tó kù wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Oòrùn kò wọ́n ní Ifẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri níhòòhò nínú rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń gbé ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta wá sí ilé ìwòsàn tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ wọn wú. Ní 1991, Friday Okonofua àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ló fà á. L. M. Oginni, oníṣẹ́ abẹ egungun ní Ifẹ̀, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún wádìí rẹ̀ ní 1996, nígbà tó sì di 2003, wọ́n fi hàn pé egungun àwọn ọmọ náà ń san nígbà tí wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù.

Àwọn ará Jos ló fi òǹtẹ̀ lù ú. Tom Thacher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 123 tó ní rickets jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ fítámìnì D tó lágbára, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù 1,000 mílígíráàmù lójoojúmọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tí egungun wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán nínú àwọn tó gba fítámìnì D nìkan jẹ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan, 61. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, 58. Èsì náà jáde nínú New England Journal of Medicine ní oṣù Kẹjọ 1999. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń jẹ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bí 200 mílígíráàmù lójúmọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tí ara wọn le náà kò jẹ jù bẹ́ẹ̀, èyí tó fi hàn pé nǹkan mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Fítámìnì D inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn kéré díẹ̀ sí ti àwọn tó le. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, torí nígbà tí kálísíọ̀mù bá wọ́n, ara máa ń tètè ná fítámìnì D tó bá ní tán.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ, wọ́n fún un ní ògì, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ, wọ́n fún un ní àmàlà díẹ̀. Kálísíọ̀mù inú ògì kò tó nǹkan, ohun kan sì wà nínú àgbàdo àti ọkà bàbà, phytate lorúkọ rẹ̀, tó ń di ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ mú kí ara má rí i gbà. Ẹja tó wà nínú ọbẹ̀, bàbá ló ń jẹ ẹ́.

Mo sọ ìtàn Ifẹ̀ àti Jos yìí fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan ṣoṣo ló ti gbọ́ ọ rí, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìkòkò ọbẹ̀ tiwa níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọbìnrin tí inú rẹ̀ kì í gba mílíìkì kò ṣàìsàn. Olikoye Ransome-Kuti, tó wá di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, wà lára àwọn tó wádìí rẹ̀. Ní 1971, òun àti Norman Kretchmer ti Stanford àti àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà Yorùbá tí ìfun rẹ̀ ń da ṣúgà inú mílíìkì, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ń dà á. Nítorí náà dókítà tó bá sọ fún ẹni wa pé "ẹ lọ máa mu mílíìkì" láì béèrè ohun mìíràn, ìmọ̀ràn tí ẹni náà máa jù dànù lẹ́nu ọ̀nà ló fún un. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi oje ewé bọmubọmu dì ńkọ́? Omi rẹ̀ ti lọ, púpọ̀ nínú ṣúgà náà sì ti bá omi lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè mu ife mílíìkì kan lè jẹ wàrà tàbí yógọ́ọ̀tì láì rí ìjà inú.

Ẹ̀fọ́ wá ńkọ́? Níbí ni àwa ará Maryland ti ń pàdánù. Nílé, a ní ṣọkọ, a ní tẹ̀tẹ̀, a ní ewédú àti ewúro. Níbí, spinach inú yìnyín ni gbogbo wa fi ń ro ẹ̀fọ́, torí ó yá, ó sì jọ ọ́. Ní Beltsville, nínú county wa níhìn-ín, ni àwọn òṣìṣẹ́ USDA ti ń ṣàkójọ iye ohun tó wà nínú oúnjẹ gbogbo, èyí tí wọ́n ń pè ní FoodData Central láti 2019. Bí ẹ bá wò ó, ife spinach sísè kan ní kálísíọ̀mù bí 245 mílígíráàmù. Ó dára lójú. Àmọ́ oxalate kún inú rẹ̀, ó sì ti di kálísíọ̀mù náà pa. Ní 1988, Robert Heaney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n: nínú 100 tó wà nínú spinach, bí 5 péré ni ara ń rí gbà. Nígbà tí wọ́n wọn kale ní 1990, bí 40 ni ara gbà, ó tilẹ̀ ju ti mílíìkì lọ. Collard greens tí àwọn ará wa tí a bí ní Amẹ́ríkà ti ń sè láti ayé baba ńlá wọn, ìdílé kan náà lòun àti kale, ife rẹ̀ kan sì ní bí 268 mílígíráàmù. Mo ti ń fi collard ro ẹ̀fọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dà á sínú ata, ẹ fi irú sí i. Ẹni tó bá ní òun kò lè fi spinach sílẹ̀, kó máa bọ ọ́ kó sì da omi rẹ̀ nù bí àwọn ìyá wa ṣe ń bọ tẹ̀tẹ̀. Díẹ̀ nínú oxalate náà á bá omi lọ.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbé ìwé wá fún mi tí wọ́n kọ "kò tó" sí. Ẹ má bẹ̀rù ju bó ti yẹ lọ. Ìṣirò ìjọba ti 2005 sí 2006 fi hàn pé aláwọ̀ dúdú 82 nínú ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà ló wà ní ìsàlẹ̀ 20, síbẹ̀ egungun wa ki ju ti aláwọ̀ funfun lọ, kì í sì í tètè kán bí tiwọn. Ní 2013, àwọn kan yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn bí 2,000 wò ní Baltimore, wọ́n ní bóyá fítámìnì D tí ara wa ń rí lò kò kéré rárá, pé ohun tó ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn mìíràn wá fi hàn lẹ́yìn náà pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi wọn ohun agbérù yẹn kò wọ̀n ọ́n dáadáa lára aláwọ̀ dúdú. Ẹjọ́ náà kò tíì parí.

Ní ti ẹni tó ń jẹ 5,000 torí kò wọ́n: ìwádìí VITAL fún èèyàn 25,871 ní 2,000 yúnítì lójúmọ́ tàbí hóró tí kò ní nǹkan kan nínú, aláwọ̀ dúdú tó lé ní 5,000 sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, èsì tó jáde ní 2022 ní kò dín egungun kíkán kù lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ní 2024, Endocrine Society ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé 75 ọdún, má ṣe lò ju iye tí a là sílẹ̀ lọ, pé kò sì nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè. Ààlà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá fúnra rẹ̀ jẹ́ 4,000 lójúmọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, kálísíọ̀mù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan nínú oògùn yẹn ń dá kálísíọ̀mù dúró sínú ara. Ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ ń lò fún dókítà yín, àgbo náà ńbẹ̀.

Àwọn kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ kí wọ́n lo fítámìnì D láìjiyàn. Àkọ́kọ́ ni ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú: 400 yúnítì lójúmọ́, láti ọjọ́ mélòó kan tí a bí i. Bí àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ṣe wí láti 2008 nìyẹn, wàrà ọmú kì í sì í gbé iye yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Aboyún tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ìyàwóòrìṣà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Lùkùmí, ìyàwó ń wọ funfun ọdún kan gbáko, ó ń bo orí, ó ń bo apá àti ẹsẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kó wà níta lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀wọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ní kí a yí i padà. Àmọ́ ẹni dúdú tí oòrùn kò kàn fún oṣù 12 ní Maryland, oúnjẹ tàbí hóró 600 yúnítì ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Kí ojúgbọ̀nà rẹ̀ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ìyàwó ń rà kó tó wọlé.

Ẹnìkan tún bi mí bóyá òun lè máa lá ẹfun fún kálísíọ̀mù. Rárá o. Lóòótọ́, èèpo ẹyin ni àwọn ará Cuba fi ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n amọ̀ funfun ni tilé, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti wa èyí tó wà lọ́jà. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé òjé wà nínú irú ẹfun jíjẹ tí àwọn ará Ìbò ń pè ní nzu.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ wá fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewé ṣiṣẹ́, ẹ má fi òrí àti ìwẹ̀ nìkan dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún dókítà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ yín, ohun tí ọmọ náà ń jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ní ti oúnjẹ tó lè wò ó, Thacher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà sí i ní 2015. Wọ́n fún àwọn ọmọ onírickets kan ní ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a ṣe fún jíjẹ, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ mọ́ egungun rẹ̀. Méjèèjì ṣiṣẹ́ bákan náà. Ẹja wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ará Áfíríkà tó wà ní Prince George's County. Ẹja kéékèèké ni kí ẹ rà, irú ṣàwá, odindi pẹ̀lú orí àti egungun rẹ̀. Ẹ yan án nínú ààrò títí yóò fi gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí egungun ṣóńṣó má há ọmọ lọ́fun. Ẹ máa bù ú sínú ògì, sínú ọbẹ̀, sínú mọ́ínmọ́ín. Agolo sadíìnì tí a jẹ tegungun-tegungun ń ṣe iṣẹ́ kan náà: 85 gíráàmù rẹ̀ ní bí 325 mílígíráàmù, ó sì ní fítámìnì D díẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rọ ìyẹ̀fun ẹja sínú ìgò mẹ́rin fún àwọn ọmọ wa mẹ́rin yẹn. Ọmọkùnrin náà ní òun á máa bù ú sórí ìndómì.